Líǹkì rédíò tó ń já ní ìdájí: bí ẹ ṣe máa ka ojú sánmà àti ojú ilẹ̀ kí ẹ tó ra díìṣì mìíràn

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ẹ̀gbọ́n, láti aago márùn-ún ìdájí ni líǹkì wa ti máa ń já, ó di aago mẹ́jọ kó tó balẹ̀. Lọ́sàn-án, kò sóhun tó ṣe é. Ṣé ká pààrọ̀ rédíò ni?"

Ẹ má tíì pààrọ̀ ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ni mo ti gun máàsì rẹ̀, rédíò kì í sábà jẹ̀bi. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín díìṣì méjèèjì ló ń yí padà, tàbí kó jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn ò ti wọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi líǹkì máíkírówéèfù, ìyẹn díìṣì méjì tó dojú kọra tí ìgbì rédíò ń lọ láàárín wọn, gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ìlú lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí oko ni mo kọ èyí fún, pàápàá tí fíríkúẹ́ńsì rédíò yín (GHz la fi ń wọ̀n ọ́n) bá wà láàárín 5 GHz sí 23 GHz. Ẹ ò nílò ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà. Sùúrù lẹ nílò, àti ẹsẹ̀ tó lè wọ igbó.

Ẹ kọ́kọ́ wo aago

Àkókò tí sígínà ń wọlẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ẹ ṣí gíráàfù sígínà inú rédíò yín. Bí rédíò náà kì í bá tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan máa gbà á sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ 7, kí ẹ sì máa kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í wé èyí:

- Ó ń lọ sókè sódò láti òru, oòrùn mú tán ó dákẹ́: afẹ́fẹ́ tó tò léra ni. Ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 5.
- Ó wọlẹ̀ bí òjò ńlá ṣe dé, ó sì padà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí òjò dá: òjò gan-an ni, pàápàá tí líǹkì yín bá ju 10 GHz lọ. Ìgbésẹ̀ 6.
- Ó wọlẹ̀ nígbà òjò, òjò dá tán kò padà, ó di ìgbà tí oòrùn ràn fún wákàtí mélòó kan: omi ti wọ kọnẹ́tọ̀ tàbí wáyà. Ẹ má bú ojú ọ̀run.
- Ó ń dínkù díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù: igi ń dàgbà.
- Ó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró síbẹ̀: ìjì ti yí díìṣì, tàbí ẹnì kan ti kọ́lé sójú ọ̀nà.
- Ó ń kú pátápátá ní òru, sígínà rẹ̀ sì dára títí tó fi kú: bátìrì ni kí ẹ lọ wò.

Mo mọ àwọn tó ti ná owó ńlá lórí rédíò tuntun nígbà tó jẹ́ pé téèpù lásán ni kọnẹ́tọ̀ ń fẹ́.

Ohun tí ẹ máa kó dání

- Fóònù tó ní GPS
- Kọ̀ǹpútà tó ní Google Earth Pro (ọ̀fẹ́ ni). Radio Mobile tàbí LINKPlanner, tí wọ́n fi ń ṣírò líǹkì lórí kọ̀ǹpútà, dára pẹ̀lú rẹ̀
- Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn
- Ọ̀pá gígùn tí ẹ ti fi kùn sàmì sí ní mítà mítà
- Ìwé àti bírò. Òjò àti fóònù kì í ṣọ̀rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fa ìlà, kí ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀

1. Ẹ dúró sí ìdí máàsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi GPS mú ibẹ̀. Ẹ má ṣe fojú bù ú lórí máàpù.
2. Nínú Google Earth Pro, ẹ fa ìlà láti ibì kan sí èkejì, kí ẹ ní kó fi àwòrán gíga ilẹ̀ hàn yín.
3. Ẹ kọ gíga ilẹ̀ ní ìdí máàsì méjèèjì, ní àárín gbùngbùn ọ̀nà, àti níbi tó ga jù lójú ọ̀nà.

Ìkìlọ̀: ilẹ̀ ni àwòrán yìí ń fi hàn. Kò mọ igi, kò mọ ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń lò jù ni SRTM, ọkọ̀ ojú sánmà Amẹ́ríkà ló sì wọ̀n ọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2000. Òkè tí wọ́n ti fọ́ di òkúta ìkọ́lé láti ìgbà náà ṣì wà níbẹ̀ ní odidi, ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n parí lọ́dún tó kọjá kò sì sí níbẹ̀ rárá. Nínú igbó dídí, rédà náà kò dé ilẹ̀ tán kó tó padà, ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín ilẹ̀ àti orí igi. Ìdí nìyẹn tí Ìgbésẹ̀ 4 fi wà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò ikùn ìgbì

Ẹni tó bá gun máàsì kan, tó rí máàsì kejì, á sọ pé ọ̀nà mọ́. Ojú nìkan ò tó. Ìgbì rédíò kì í rìn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó máa ń fẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ fojú inú wo odidi kòkó tí a kò tíì là: orí méjèèjì ṣóńṣó, ikùn yọ. Òdì kejì gángan ni, tí àárín tirẹ̀ fún. Ikùn yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní Fresnel zone. Bí igi, òkè tàbí òrùlé bá wọ inú rẹ̀, sígínà á dínkù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣì ń rí máàsì kejì kedere.

Láti àárín ikùn náà sí etí rẹ̀, ní ìdajì ọ̀nà gan-an (ní mítà):

8.66 × √(jíjìnnà ní km ÷ fíríkúẹ́ńsì ní GHz)

Ẹ jẹ́ ká mú líǹkì kan: láti orí òkè kan nínú Ìbàdàn sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan, 20 km, 5.8 GHz. 20 ÷ 5.8 fún wa ní 3.45; √ rẹ̀ jẹ́ 1.86, ìlọ́po 8.66 jẹ́ mítà 16. Ó kéré tán, ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo: nǹkan bí mítà 10.

Bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ga sí i ni ikùn ń kéré sí i. Líǹkì 5 km lórí 23 GHz, mítà 4 péré ni. Ẹ má tíì yọ̀ o, òjò ń dúró dè é.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ẹ̀yìn ayé kún un

Ilẹ̀ ayé tẹ̀, ó yọ ẹ̀yìn díẹ̀ láàárín máàsì méjèèjì. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá wà bó ṣe yẹ, ó máa ń tẹ ìgbì wálẹ̀ díẹ̀, ìgbì á máa tẹ̀ lé ayé lọ, ẹ̀yìn yẹn á sì dà bíi pé ó kéré. Lọ́jọ́ burúkú, afẹ́fẹ́ á tẹ ìgbì sókè dípò ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ayé á wá dà bíi pé ó ru. Ẹ ṣírò méjèèjì:

- Ọjọ́ rere: km sí máàsì àkọ́kọ́ × km sí máàsì kejì ÷ 17
- Ọjọ́ burúkú: iye kan náà ÷ 8.5

Ní àárín líǹkì wa: 10 × 10 ÷ 17 jẹ́ nǹkan bí mítà 6. Lọ́jọ́ burúkú, mítà 12. Ilẹ̀ kan náà, máàsì kan náà, mítà 6 ti dìde láàárín ọ̀nà ní òru kan, kò sì sí ẹni tó gbé erùpẹ̀ wá. Ọjọ́ burúkú ni mo máa ń kọ́ máàsì fún.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín

Ẹ gun ọ̀kadà tàbí kí ẹ rìn dé ibi mẹ́ta: ibi tó ga jù, àárín gbùngbùn, àti 500 mítà àkọ́kọ́ ní ìdí máàsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀pá yín wọn igi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ bóyá ó fẹ́ kọ́lé. Baálẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ mọ ohun tí máàpù ò mọ̀: ibi tí àbàtà wà, ibi tí ìkùukùu máa ń jókòó sí láàárọ̀, oko tíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn.

Ọ̀rọ̀ tíìkì nìyẹn. Ó máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá wọn ọ̀nà nínú oṣù Kìíní á rí ẹ̀ka lásán, sígínà á sì máa kọjá. Òjò dé, ewé dé, líǹkì kú. Ewé tútù tó tún lómi lórí ń gbé ìgbì mì bí iyanrìn ṣe ń gbé omi.

Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Ní àárín ọ̀nà, igi tó ga jù jẹ́ mítà 15:

- igi: 15
- ikùn ìgbì: 10
- ẹ̀yìn ayé lọ́jọ́ burúkú: 12
- àpapọ̀: mítà 37

Òkè tó wà ní Ìbàdàn fi mítà 40 ga ju ilẹ̀ àárín ọ̀nà lọ, máàsì orí rẹ̀ sì jẹ́ 20, àpapọ̀ 60. Abúlé wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú àárín ọ̀nà, máàsì ibẹ̀ jẹ́ 18. Ìlà tó so wọ́n pọ̀ ń kọjá ní àárín ní (60 + 18) ÷ 2, ìyẹn mítà 39. Ó ju 37 lọ. Ó ti wọlé?

Rárá. Mángòrò kan wà ní 200 mítà sí máàsì abúlé, òun náà ga tó mítà 15. Níbẹ̀, ìlà wa kò tíì gòkè, mítà 18.4 péré ló wà. Ikùn ìgbì níbẹ̀ àti ẹ̀yìn ayé gba nǹkan bí 2.4. Ohun tó kù láàárín orí mángòrò àti wàhálà jẹ́ mítà 1. Mángòrò á jẹ mítà yẹn láìpẹ́. Igi tó sún mọ́ máàsì ló ń pa líǹkì jù, nítorí pé òkè tó wà lókèèrè ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Èmi á gbé máàsì abúlé sí mítà 24, tàbí kí n bá ẹni tó ni mángòrò sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Nígbà míì, báńdù dátà oṣooṣù ló ń parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ afẹ́fẹ́ ìdájí

Ibí yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wà.

Lóru tí ojú ọ̀run mọ́, tí atẹ́gùn ò fẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù kíákíá. Afẹ́fẹ́ tó sún mọ́lẹ̀ á tutù tẹ̀ lé e, ti òkè á ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Lọ́sàn-án, bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Lóru yìí, ó yí padà. Afẹ́fẹ́ á wá tò léra bí aṣọ inú àpótí: èyí tutù, èyí lọ́wọ́ọ́wọ́, èyí lómi, èyí gbẹ. Ìgbì tó bá gba àárín wọn kọjá á tẹ̀. Omi tí ẹ ń rí níwájú lójú títì lọ́sàn-án gangan, tí ẹ dé ibẹ̀ tí ẹ ò bá a, iṣẹ́ kan náà ni. Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí ooru rẹ̀ ò dọ́gba.

Nígbà náà, ìgbì méjì lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀kan gba ọ̀nà tààrà, èkejì gba òkè tẹ̀ wálẹ̀, tàbí kó lu omi kó tó dé. Ìgbì 5.8 GHz gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, nítorí náà ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 láàárín ọ̀nà méjèèjì tó láti sọ àwọn tó yẹ kó ran ara wọn lọ́wọ́ di ọ̀tá. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n pa ara wọn. 20 dB tàbí 30 dB (dB la fi ń wọn bí sígínà ṣe pọ̀ sí i tàbí dínkù tó) lè lọ kó tún padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ohun tó ń jẹ́ kí gíráàfù yín rí bí eyín ayùn nìyẹn.

Ibi tó ti wọ́pọ̀ jù: orí ọ̀sà, etíkun, àbàtà, oko ìrẹsì, ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ilẹ̀ olókè gbágungbàgun bíi ti Èkìtì tàbí Ìdànrè sàn díẹ̀, nítorí àpáta ń fọ́n ìgbì kejì káàkiri kó tó dé. Nígbà ọyẹ́ ló le jù, àti ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé òjò alẹ́ tí atẹ́gùn ò sì fẹ́.

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Líǹkì kan ni mo gbé láti Ìkòròdú kọjá Ọ̀sà sí apá Lẹ́kí. Lọ́sàn-án, ẹ lè fi wo bọ́ọ̀lù láìsí ìdádúró. Aago mẹ́rin ìdájí, ó di ijó. Mo pààrọ̀ rédíò. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé díìṣì ga sí i, ó tún burú sí i. Oníbàárà mi ti ń sọ pé àwọn ọ̀tá ló fọwọ́ sí i, ó ní kí n jẹ́ kí bàbá kan wá wo ìdí máàsì. Ọjọ́ tí mo jókòó sórí máàsì láti aago mẹ́ta òru, tí mo ń wo bí omi ṣe tẹ́ bíi dígí láìsí ìgbì kankan lórí rẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé omi yẹn ló ń dá sígínà padà sí mi lójú. Mo sọ díìṣì Ìkòròdú kalẹ̀ ní mítà 7, sí ibi tí òrùlé ilé ìkẹ́rù kan ti bo omi lójú rẹ̀ àmọ́ tí kò bo máàsì kejì. Ìdájí ọjọ́ kejì, gíráàfù tẹ́ bí ẹní.

Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ wá ibi tí ìgbì ti ń lu ilẹ̀ tàbí omi. Bí máàsì méjèèjì bá ga bákan náà, àárín ọ̀nà ni. Bí ọ̀kan bá kúrú, ó sún mọ́ èyí tó kúrú.
2. Ẹ gbé díìṣì kan sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ilé, igi tàbí gegele ilẹ̀ fi bo ibi yẹn lójú rẹ̀. Ẹ rí i pé ìṣírò Ìgbésẹ̀ 2 sí 4 ṣì yè.
3. Ẹ gbé imú díìṣì sókè díẹ̀. 1 dB sí 2 dB á lọ nínú sígínà tààrà, ṣùgbọ́n ti omi á dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ.
4. Bí owó bá wà, ẹ fi díìṣì méjì sórí máàsì kan, kí ọ̀kan fi mítà mélòó kan ga ju èkejì. Ó ṣòro kí ìgbì pa ara rẹ̀ ní ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò á máa mú èyí tó dára. Ẹ rí i pé rédíò yín lè ṣe é kí ẹ tó ra díìṣì.
5. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá gbà, ẹ pín ọ̀nà sí méjì.

Ẹ má fi agbára kún rédíò nítorí èyí. Ìgbì méjèèjì ni agbára máa ń wọ̀. Ìjà wọn ò ní dínkù nítorí rẹ̀.

Ìpele afẹ́fẹ́ tún lè di gọ́tà. Ìgbì á kó sínú rẹ̀, á sì bá a lọ réré. Líǹkì yín lè ṣòfò, kí rédíò ẹlòmíràn tó wà ní ìlú tó jìnnà sì máa pariwo sínú tiyín. Bí ariwo bá ga nínú gíráàfù yín ní ìdájí nìkan, ẹ yí fíríkúẹ́ńsì padà kí ẹ wò ó.

Ẹ̀sùn kan wà tí mo fẹ́ fi hàn pé èké ni: wọ́n ń sọ pé eruku ọyẹ́ ló ń dí sígínà. Eruku ọyẹ́ lásán kò ní ipa tó ṣeé rí lórí 5 GHz sí 7 GHz. Ìkùukùu náà kò ní, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà lábẹ́ 10 GHz. Afẹ́fẹ́ tó tò léra ló wà nídìí ọ̀rọ̀, eruku kàn bá a dé lásìkò kan náà ni. Ibi tí eruku ti ń ṣe yín ní ibi ni ojú páànù sólà: bátìrì ò kún, rédíò kú ní aago mẹ́ta òru, ẹ sì ń bú ojú sánmà. Ẹ nu páànù yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bá òjò ṣírò

Bí òjò ṣe ń le tó láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni kí ẹ wò, ẹ má wo bó ṣe pẹ́ tó. Òjò winniwinni tó rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ nínú oṣù Keje lè má ṣe líǹkì yín ní nǹkan kan. Òjò oṣù Kẹrin tó fi ìṣẹ́jú 20 rọ̀ pẹ̀lú ìjì á gbé e lulẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 100 láàárín wákàtí kan, èyí ni ohun tó ń jẹ lórí km kọ̀ọ̀kan:

- 6 GHz: nǹkan bí 1 dB
- 12 GHz: 4 dB sí 5.5 dB
- 23 GHz: 11 dB sí 14 dB

Bí òjò bẹ́ẹ̀ bá bo km 3 péré nínú líǹkì 23 GHz yín, 33 dB ti lọ, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ líǹkì ò lè gbé e. Ohun tí ẹ lè ṣe:

- Ẹ lo ìgbì ìnàró (vertical) dípò ìgbì ìbú (horizontal). Ẹ̀kán òjò ńlá kì í rí roboto. Afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà bó ṣe ń bọ̀, nítorí náà ó ń jẹ ìgbì ìbú jù.
- Ẹ kúrú ọ̀nà.
- Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí fíríkúẹ́ńsì tó kéré.
- Ẹ lo rédíò tó lè dín eré kù fúnra rẹ̀ dípò kó já.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń ta 60 GHz fún, ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nìkan, láìsí òjò, ń jẹ nǹkan bí 15 dB lórí km kan níbẹ̀. Ó dára láti ilé sí ilé ní àdúgbò kan, kì í ṣe láti ìlú sí abúlé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi sígínà pamọ́ de ọjọ́ burúkú

Ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà (ní dB) = 92.45 + 20 log(km) + 20 log(GHz). Fún líǹkì wa, nǹkan bí 134.

Rédíò ń gbé 20 dBm jáde (dBm la fi ń wọn agbára sígínà fúnra rẹ̀). Díìṣì 60 cm kọ̀ọ̀kan fi 29 kún un. Wáyà àti kọnẹ́tọ̀ jẹ 2. 20 + 29 + 29 − 134 − 2 = −58 dBm. Bí rédíò yín bá nílò −80 kó tó lè gbé eré tí ẹ fẹ́, 22 dB ni ẹ ní nípamọ́.

Lórí igbó àti òkè, 20 sí 25 dB tẹ́ mi lọ́rùn. Lórí omi, mo ń wá 30, mo sì tún ń fẹ́ díìṣì kejì. Nígbà tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní ìdá 99.9 nínú 100, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìyẹn túmọ̀ sí nǹkan bí wákàtí 9 tó máa já láàárín ọdún, 99.99 jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 53. Iye owó méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Ní Nàìjíríà, ẹ béèrè lọ́wọ́ NCC (àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀) nípa fíríkúẹ́ńsì àti agbára tí wọ́n gbà yín láyè láti lò, kí ẹ sì rí NCAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú) tí máàsì yín bá ga.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e sókè, ẹ dojú wọn kọra

1. Ẹ yí díìṣì láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún pátápátá. Sígínà á gòkè lẹ́ẹ̀mẹta: kékeré, ńlá, kékeré. Ẹ dúró sórí ńlá àárín.
2. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ní ìkejì ọ̀nà.
3. Ẹ fi iye tí ẹ rí wé ìṣírò. Bí ìṣírò bá sọ −58 tí ẹ rí −60, ẹ fún bóòtù le. Bí ẹ bá rí −78, ọ̀kan nínú àwọn kékeré lẹ ti dì mú.
4. Ẹ fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ di kọnẹ́tọ̀, kí ẹ fi téèpù dúdú bò ó. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ inú rédíò, kí omi lè kán sílẹ̀ níbẹ̀.
5. Ẹ so máàsì mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà bàbà nítorí ààrá. Ẹ má gun un nígbà tí òjò bá ṣú, bó ti wù kí oníbàárà pariwo tó.

Bí ilẹ̀ ò bá gbà

Àwọn ibì kan wà tí ìṣírò á sọ pé máàsì mítà 90. Ẹ má bá a jà. Ẹ wá òkè kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ gbé rédíò àti sólà síbẹ̀, kí ẹ pín ọ̀nà sí méjì. Àpáta tó wà láàárín kì í ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo; orí rẹ̀ gan-an ni máàsì ọ̀fẹ́. Bí wáyà fáíbà bá ti dé ìtòsí, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó ra irin. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba sátẹ́láìtì wá, ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ó lè gbé yín títí máàsì á fi parí, ṣùgbọ́n òjò ńlá ń yọ òun náà lẹ́nu.

Kí ẹ tó béèrè ìrànlọ́wọ́

Ẹ fi àwọn wọ̀nyí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ká má bàa máa bi ara wa ní ìbéèrè fún ọjọ́ mẹ́ta:

- GPS máàsì méjèèjì àti gíga díìṣì lórí wọn
- Fíríkúẹ́ńsì, agbára rédíò, ìwọ̀n díìṣì
- Àwòrán ilẹ̀ Ìgbésẹ̀ 1, pẹ̀lú gíga igi tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n
- Gíráàfù ọjọ́ 7, pẹ̀lú aago lórí rẹ̀
- Fọ́tò kọnẹ́tọ̀. Bó bá jẹ́ pé láílọ́ọ̀nù ìyọ̀ lẹ fi dì í, ẹ tú u kí ẹ fi téèpù dì í ná, kí ẹ sì tún dúró ọjọ́ 7.